Ìbọn Tí Ẹsẹ̀ Obìnrin Ré Kọjá Lójú Òfuurufú

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kejì ọdún 1988 ni, agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dá mi lójú, nítorí pé mo wo aago ọwọ́ mi nígbà tí ọkùnrin tó wà nídìí kántà ní pápá bàálù béèrè lọ́wọ́ bàbá mi àgbà pé kí ló wà nínú àpò gígùn tí wọ́n gbé kọ́ èjìká. Bàbá kò rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìbọn ni." Àwọn tó tò sẹ́yìn wa fi ìgbésẹ̀ méjì sún sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù fi mẹ́rin sún.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni bàbá àgbà yìí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé. Wọ́n wa katakata fún ìjọba níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá béèrè iṣẹ́ wọn, ọdẹ ni wọn yóò pe ara wọn, bí ẹni pé katakata jẹ́ ohun kan tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Àkọ́bí wọn ń bójú tó oko ńlá kan ní òkè Ọya, oko tí wọ́n ń fi omi odò rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀bọ ti sọ tòmátò oko náà di tiwọn. Ọmọ náà wá fọ́nnu fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀bọ tó bá rí ìbọn bàbá òun kò ní dúró gbọ́ ìró rẹ̀. Ọ̀gá gbà á gbọ́, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù méjì ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ti Bàbá. Ìkejì jẹ́ ti ẹni tó mọ̀wé, nítorí pé ìbọn kì í wọ bàálù láìsí fọ́ọ̀mù. Èmi ni ẹni tó mọ̀wé nínú ilé lọ́dún náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ìwé girama kan nílùú Ọ̀yọ́, a sì wà ní ìsinmi àárín táàmù.

"Ṣé láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀, Baba?" Ọkùnrin ìdí kántà ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o rò pé mo jí i gbé ni?"

Mo yára fi láísẹ́ǹsì lé orí kántà. Wọ́n pe ọlọ́pàá kan wá. Ó ní kí Bàbá ṣẹ́ ìbọn náà sílẹ̀, ó sì yọjú wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo kànga. Kò sí ọta níbẹ̀. Àwọn ọta wà lọ́tọ̀ nínú agolo bisikíìtì kan, ọlọ́pàá sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára awọ pupa kan tí wọ́n rán mọ́ ìdí ìbọn.

"Kí ni eléyìí?"

"Oògùn ni."

"Irú oògùn wo?"

"Ṣé ìwọ náà ń dẹ̀gbẹ́ ni?"

Ọlọ́pàá náà ronú díẹ̀. Ààyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó bá so mọ́ ìbọn sí. Ó kọ nǹkan síbẹ̀. Bàbá bi mí léèrè ohun tó kọ.

Mo ní, "Ó ní ohun ẹ̀ṣọ́ ni."

"Ohun ẹ̀ṣọ́? Bíi yẹtí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ á máa lọ."

"Ohun tí bàbá tó bí mi lọ́mọ gbé lé mi lọ́wọ́, ọmọ àná yìí ń pè é ní yẹtí?"

"Ẹ jẹ́ kó pè é bẹ́ẹ̀, sà. Wọn kì í dá yẹtí dúró ní pápá bàálù."

Wọ́n gba èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó le jù ṣì wà níwájú. Bàbá rò pé àwọn yóò gbé ìbọn náà lé itan títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Ọkùnrin ìdí kántà ṣàlàyé pé ọ̀dọ̀ ẹrù ló ń lọ.

"Ta ni yóò jókòó tì í?"

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó ti ẹrù, Baba."

"Ìbọn kì í ṣe ẹrù."

"Níbi tiwa yìí, Baba, ohun tí kò bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àga, ẹrù ni."

Ó so káàdì pélébé kan mọ́ àpò ìbọn, ó gbé e sórí bẹ́líìtì tó ń sún ẹrù lọ, ìbọn sì wọ abẹ́ aṣọ rọ́bà dúdú kan lẹ́yìn kántà. Mo rí i títí dé ibẹ̀. Mi ò tún rí i mọ́ títí ọlọ́pàá mìíràn fi gbé e lé Bàbá lọ́wọ́ ní òkè Ọya. Mo bẹ òǹkàwé kó mú ibi tí ojú mi mọ yìí dání, nítorí pé àwọn àgbà ọkùnrin mọ́kànlá pe ìpàdé lé e lórí nígbà tó yá.

Nínú bàálù, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàbá jókòó sí. Wọn kò wo ìta rárá. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wa, wọn kò gba oúnjẹ, wọ́n bi í pé níbo ni ìbọn àwọn wà.

"Ẹ má ṣèyọnu, Baba. Abẹ́ wa níbí ni gbogbo ẹrù wà." Ó sì fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ilẹ̀ bàálù lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó.

Bàbá wo bàtà náà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí fèrèsé títí bàálù fi balẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni Bàbá yìnbọn láàárín ọjọ́ márùn-ún tí a lò lóko náà. Mo kà á. Ọ̀bọ kan kú. Àwọn yòókù sá, wọ́n sì padà wá ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún mú àwọn tí a kò rí tẹ́lẹ̀ wá. Bàbá ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, pé oòrùn wọn ń ta sójú, pé ọ̀bọ tó ń jẹ tòmátò máa ń fúyẹ́ ju ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo lọ. Mo kọ àwọn àwáwí wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ìwé kékeré mi nítorí pé wọ́n dùn mọ́ mi. Kò sí èyí tó dárúkọ ẹsẹ̀ obìnrin nínú wọn. Ojú Bàbá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti rí i tí wọ́n kí igi ìbẹ́pẹ kú àárọ̀.

A wọ mọ́tò padà délé, mo sì lọ sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Ọ̀yọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sí níbẹ̀. Ẹnu ènìyàn mẹ́ta ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n fẹnu kò lórí kókó kan, wọ́n sì yàtọ̀ síra lórí gbogbo ohun tó kù. Kókó náà ni pé Bàbá jókòó sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ọjà Igbó, wọ́n sì ń ròyìn bàálù fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn. Níbi tí ìròyìn ti dùn dé góńgó, wọ́n ní, "Mo jókòó sókè, ìbọn mi wà nísàlẹ̀ mi gan-an, bí ẹni gun ẹṣin."

Ọdẹ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, nítorí pé wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà. Alájì rọra béèrè pé, "Ẹ kú orí ire. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú bàálù náà?"

Àwọn ọdẹ àdúgbò wa ní èèwọ̀ kan: obìnrin kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ré ìbọn ọdẹ kọjá. Wọ́n ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìbọn náà ti fọ́ nìyẹn, kò ní rí ẹran mọ́. Oyè Asípa ọdẹ sì ṣófo ní àdúgbò wa láti ìgbà tí ẹni tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn ti kú. Bàbá tó bí Bàbá jẹ ẹ́ rí. Ènìyàn méjì péré ló ń du oyè náà, Bàbá ni ọ̀kan, Alájì sì ni ìkejì. Asípa ló ń ṣíwájú ẹgbẹ́ bí wọ́n bá ń jáde, kò sì sí bí ẹni tí ojú ìbọn rẹ̀ fọ́ ṣe lè ṣíwájú ẹni tí tirẹ̀ ń ríran. Ìdí nìyí tí ìbéèrè Alájì fi tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Bàbá fúnra wọn wọkọ̀ wá bá mi ní Ọ̀yọ́. Yàrá kan ni mo ń gbé lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n jókòó sórí àga mi kan ṣoṣo, wọ́n mu omi, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n sì yin aṣọ fèrèsé mi. Bàbá kì í yin aṣọ fèrèsé. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ń bọ̀.

"Olúọ́dẹ ní kí o wá lọ́la. Wọ́n fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ."

"Lórí kí ni, sà?"

"Ibi tí ìbọn mi wà nínú bàálù. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n kó ẹrù sí. Ìdí pátápátá. Níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ṣé o gbọ́?"

"Mi ò rí ibi tí wọ́n kó o sí, Bàbá."

"Bí o kò bá rí i, kí ló ń dí ọ lọ́wọ́ láti sọ pé ìdí ni?"

Ìbéèrè yìí jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, mo sì gbé e yẹ̀ wò dáadáa kí n tó dáhùn. Mo ní ọmọbìnrin yẹn fi bàtà kan ilẹ̀, ó sọ ibi tí ẹrù wà, mo sì gbọ́ ọ.

"Ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ. Èmi ò gbọ́."

"Ẹ̀yin lẹ bi í léèrè, sà."

Bàbá tẹ orí ba. Ohùn wọn yí padà. "Ọmọ mi, bí mi ò bá jẹ oyè yìí báyìí, mi ò tún lè jẹ ẹ́ mọ́. Alájì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò ní kú ṣáájú mi. Bàbá mi jẹ Asípa. Kí n kàn kú báyìí bí awakọ̀ katakata?"

Mi ò gbà pé ẹsẹ̀ obìnrin lè fọ́ ojú irin. Mo tilẹ̀ ti ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i: bàálù tó ń ti Èkó lọ sókè Ọya lè gba orí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, obìnrin sì máa ń wà nínú rẹ̀, bí òfin Alájì bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ìbọn kan nílùú tí ojú rẹ̀ ṣì là. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ èyí fún ẹgbẹ́ ọdẹ, ètùtù gbogbo ìlú ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá pé ohun tí mo rí ni n ó sọ, n kò ní fi kún un. Wọ́n ní èyí gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán, èmi àti ìyàwó Bàbá tí mò ń pè ní Màmá lọ sí ilé Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ. Díákónì ni Olúọ́dẹ nínú ìjọ wọn. Agbádá tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìsìn ṣì wà lọ́rùn wọn. Mọ́kànlá ni àwọn ọdẹ tó jókòó. Mo mọ mẹ́rin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mẹ́fà tó ń lọ mọ́ṣáláṣí. Ẹnìkan tó kù kì í sọ ibi tó ń lọ. Lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ obìnrin, ẹ̀sìn kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ìṣòro kan kọ́kọ́ yọjú. Obìnrin kì í wọ ìpàdé ọdẹ, obìnrin sì ni èmi tí mo jẹ́ ẹlẹ́rìí wọn kan ṣoṣo. Wọ́n bá gbé ìjókòó wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì gbé àpótí kan fún mi síta, kí pákó ìloro lè wà láàárín wa. Màmá dúró ti ògiri lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá."

Olúọ́dẹ ní, "Tíṣà, káàbọ̀. A ò pè ọ́ síjà. Ohun tí o rí ni kí o sọ."

"Kó tó sọ ọ́," Alájì ló já lu ọ̀rọ̀, "kí gbogbo wa rántí pé èmi náà ti wọ bàálù rí. Títí dé Mẹ́kà. Mo mọ inú rẹ̀ bí mo ṣe mọ yàrá mi. Abẹ́ ẹsẹ̀ èrò ni wọ́n ń kó ẹrù sí."

Ọdẹ kan béèrè pé, "Ẹ rí i?"

"Mo gbọ́ tó ń yí lábẹ́ mi."

Wọ́n mi orí sí i. Alájì wá kọjú sí mi.

"Tíṣà, ṣé obìnrin wà nínú bàálù yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mélòó?"

"Mo ka mẹ́rìndínlógún, pẹ̀lú àwọn méjì tó ń pín oúnjẹ. Mi ò ka àwọn ọmọ ọwọ́."

"Ṣé wọ́n jókòó jẹ́ẹ́?"

"Àwọn tó ń pín oúnjẹ kò jókòó."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo dìde lẹ́ẹ̀kan."

"Lọ síbo?"

"Ilé ìtọ̀, sà."

"Síwájú ni àbí sẹ́yìn?"

"Sẹ́yìn."

Àwọn bàbá náà kérora. Ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ gbèjà Bàbá ní, "Ṣé ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lílọ, ẹ̀ẹ̀kan bíbọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn!" Alájì na ìka méjì sókè kí ẹni tí kò gbọ́ lè rí i.

Olúọ́dẹ bi mí bóyá ìbọn wà lábẹ́ ibi tí mo gbà kọjá. Mo ní mi ò mọ̀. Mo rí i nígbà tó wọ ẹ̀yìn kántà, mo sì rí i nígbà tí ọlọ́pàá gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó wà láàárín méjèèjì. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ fẹ́ parí síbẹ̀.

"Kò wá sí òṣìṣẹ́ bàálù kan tó sọ ibi tó wà?" Alájì ló tún béèrè.

Bàbá wò mí. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i bí wọ́n ṣe wò mí. Bí mo bá ní rárá, kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́, Bàbá yóò sì jẹ oyè bàbá wọn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́, lórí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ tí mo tún rí. Mo dojú kọ ilẹ̀. "Ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ fi gìgísẹ̀ bàtà kan ilẹ̀. Ó ní abẹ́ ibẹ̀ ni."

"Gìgísẹ̀!" ni Alájì wí. Bàbá di ojú wọn méjèèjì.

Ibẹ̀ ni Màmá ti kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọmọ yìí ò lè ba ìbọn yẹn jẹ́. Bí ẹsẹ̀ obìnrin bá ń bà á jẹ́, èmi ti bà á jẹ́ tipẹ́."

"Báwo?" Olúọ́dẹ ló béèrè.

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló ń gbé. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń sùn lé e lórí."

Alájì ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ. "Sísùn yàtọ̀ sí kíkọjá. Ẹni tó sùn kò kọjá."

Mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà jókòó ju bí mo ṣe rìn lọ."

"O rìn lẹ́ẹ̀mejì!"

"Ẹ fi tọmọ sílẹ̀," ni Màmá wí. "Tí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ńkọ́? Apá ògiri ni mo máa ń sùn sí. Orí ọkọ mi ni mo ń gbà kọjá, ìbọn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àtọkọ àtìbọn ni mò ń ré kọjá lójoojúmọ́ ayé, ọkọ mi sì ń pẹran bọ̀. Alájì, tiyín ńkọ́? Ṣé orí àjà lẹ ń gbé e sí ni?"

"Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ la wá sọ."

"Ẹ má bínú. Ìyàwó yín kékeré ló sọ fún mi lọ́jà pé nǹkan gígùn kan ń gún òun lẹ́yìn láti abẹ́ mátíràsì."

Ọdẹ kan sọ, láìsí ẹni tó bi í, pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni tòun wà. Ẹni tó jókòó tì í ní, "Ilẹ̀kùn tí ìyàwó rẹ ń gbà jáde?" Ó ní kó dákẹ́. Olúọ́dẹ wá yíjú sí Alájì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí díákónì ṣe máa ń ṣe. "Alájì, omi mímọ́ Samsam tí ẹ bù fún wa mu nígbà tí ẹ ti Mẹ́kà dé, níbo ló wà nínú bàálù?"

"Omi kì í ṣe ìbọn."

"Mo kàn béèrè ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Mi ò tíì mọ àwọn àgbà tó nígbà náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́wọ́ pé èèwọ̀ náà kò ní ìtumọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n wá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Wọ́n fi orí korí títí, Olúọ́dẹ sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀: kí ìbọn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Kí Bàbá gbé e lọ sí igbó ìhà Ìkòyí-Ilé láàárín ọjọ́ méje. Bí ó bá pa ẹran, ojú rẹ̀ là, kí Bàbá jẹ Asípa. Bí kò bá pa nǹkan kan, kí Alájì jẹ ẹ́. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ físíìsì, mo gbà pé ìdánwò dára ju àríyànjiyàn lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí igi ìbẹ́pẹ, àyà mi sì já fún Bàbá.

Ní ọjọ́ kẹfà, tó jẹ́ Àbámẹ́ta, mo ti Ọ̀yọ́ dé ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀, alùpùpù kan gbé Bàbá dé. Ìbọn wà ní èjìká wọn. Ẹtu kan tó tóbi wà lẹ́yìn wọn, wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ alùpùpù. Ariwo sọ lágboolé. Mo bá Màmá gbé ẹran náà lọ sẹ́yìnkùnlé, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé mi ò lè ṣe kí n má yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mi ò rí ojú ọgbẹ́. Ohun tí mo rí ni ìlà tín-ín-rín kan tó yí ọrùn rẹ̀ ká, tí irun ibẹ̀ sì ti bó.

Bàbá dúró lẹ́yìn mi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Níbo ni ọta gbà wọlé?"

"Inú."

"Inú ibo, sà? Mi ò rí ojú ibẹ̀."

"Ìbọn tó bá dára kì í ba awọ jẹ́."

"Ìlà ọrùn yìí ńkọ́?"

"Okùn tí mo fi dì í ni."

Ẹsẹ̀ ni okùn náà wà. Mo ṣì ń wò ó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ́kọ́ fi okùn mìíràn fà á nínú igbó. Mi ò sí níbẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ojú ọgbẹ́ kékeré fara pamọ́ sábẹ́ irun. Kí n tó wá a dé ìhà kejì, Màmá ti da koríko gbígbẹ lé e lórí, wọ́n sì ti ṣáná sí i.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n..."

"Lọ pọnmi wá, ọmọ mi."

Nígbà tí mo fi pọnmi dé, irun ti jó tán, ara ẹtu ti dúdú kirikiri, kò sí ẹni tó tún lè rí ohun tí mo rí.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọdẹ mọ́kànlá péjọ sí iwájú ilé wa. Màmá ti se ẹran náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó ní kí tíṣà wá jẹ́rìí. Mo wà nídìí ìkòkò, mo ń bu ọbẹ̀, mo sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Olúọ́dẹ kò béèrè ibi tí ọta wọlé. Alájì náà kò béèrè. Wọ́n fún Alájì ní ọrùn, wọ́n gbà á, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì fa mùdùnmúdùn egungun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olúọ́dẹ nu ẹnu, wọ́n ní ìbọn ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa pe Bàbá ní Asípa láti ọjọ́ náà lọ. Alájì ló kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Mo bi Màmá léèrè ìdí tí Alájì fi dákẹ́.

"Kí ló fẹ́ wí? Bó bá béèrè ibi tí ọta wọlé, ẹlòmíràn á béèrè ibi tí ìbọn tirẹ̀ ń gbé."

Èrò Màmá nìyẹn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mi ò sì bi Bàbá léèrè mọ́. Wọ́n jókòó síwájú ilé láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n fi ìbọn lé itan bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é nínú bàálù, inú wọn sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí i pé ìbéèrè mi kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Bóyá tàkúté ló mú ẹtu náà, bóyá wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ìkòyí-Ilé, bóyá ọta wọlé níbi tí ojú mi kò dé, mi ò mọ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn jẹun tán, Màmá bu tèmi fún mi. Ẹran mẹ́ta ni, ìhà méjì àti itan kan. Mo rọra jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi eyín yẹ gbogbo rẹ̀ wò títí dé eegun. Mi ò bá ọta kankan níbẹ̀.